Ìdí Tí Gẹ̀ẹ́sì Fi Mọ Orúkọ Fọ̀ Tí Kò Mọ Orúkọ Ìyá Rẹ̀

Ta ló gbé abọ́ irú mi sẹ́yìn ilé? Ẹ má wo ojú ara yín. Mo ti rí i lójú Àbẹ̀jẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń bọ̀ láti ilé ìwé, o ò sì fẹ́ kí wọ́n gbóòórùn nǹkan tí ìyá ìyá rẹ fi ń se ọbẹ̀. Ó dáa. Mi ò ní bínú. Mo ti bínú tán kí ẹ tó wọlé. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí abiyamọ kan tí ọmọ rẹ̀ gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní ayé ìgbà kan, kí oúnjẹ tó di nǹkan tí kì í fọhùn mọ́, oúnjẹ ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bímọ, ó sì ń sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn èdè náà lẹ́sẹ̀ nígbà náà. Wọ́n nílé, wọ́n nílẹ̀kùn, ebi sì máa ń pa wọ́n.

Ilẹ̀ kan wà lọ́nà jíjìn réré, níbi tí oòrùn ti ń yọ, tí wọ́n ń pè ní Fiẹtinámù. Òkun wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, oko ìrẹsì ló sì kún inú rẹ̀. Etí òkun yẹn ni abiyamọ náà ń gbé. Orúkọ rẹ̀ ni Núọ́kù-mámù. Ẹ pè é. Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́ ẹnu, ẹ pè é kó já geere: Núọ́kù-mámù. Ẹ jẹ́ kó dúró sí yín lórí, torí orúkọ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Ẹja kéékèèké àti iyọ̀ ló di Núọ́kù-mámù. Wọ́n jọ wà nínú àgbá onígi, òkúta wà lórí wọn, oòrùn ń pa wọ́n, ọdún kan gbáko. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán jáde, tó, tó, tó, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí omi tíì. Ó dára lójú, ó sì dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀! Háà! Ẹ ṣáà mọ òórùn irú mi. Àbúrò ni irú jẹ́ sí i. Bí Núọ́kù-mámù bá ń bọ̀ lọ́nà, imú èèyàn ló máa kọ́kọ́ kí kó tó kí ojú. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì rí ohun tó burú nínú ìyẹn, torí wọ́n mọ̀ pé ibi tí òórùn yẹn bá wà, oúnjẹ wà níbẹ̀.

Ó bí ọmọkùnrin méjì. Èyí àkọ́bí ni Fọ̀. Ọbẹ̀ ni Fọ̀, omi eegun màlúù tí wọ́n rọra fi iná díẹ̀ sè títí, pẹ̀lú atalẹ̀ àti àwọn èèlò olóòórùn dídùn. Wọ́n lọ ìrẹsì, wọ́n sì gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn sínú rẹ̀. Bó bá ń kọjá lọ, èéfín rẹ̀ á máa gòkè, àwọn èèyàn á máa yí ọrùn tẹ̀ lé e. Fọ̀ sì mọ̀ pé òun dára. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá.

Àbúrò rẹ̀ ni Bánmì. Búrẹ́dì ni Bánmì, ẹ̀yìn rẹ̀ le páká, inú rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́. Bàbá rẹ̀ jẹ́ búrẹ́dì àjèjì kan tó bá ọkọ̀ ojú omi wá. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, bàbá bá ọkọ̀ lọ, kò wẹ̀yìn wò. Núọ́kù-mámù ló dá tọ́ ọmọ náà. Ó fi ẹran sí i nínú, ó fi ewé tútù sí i, ó wá kán díẹ̀ lára ara rẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Bó ṣe ṣe fún Fọ̀ náà nìyẹn. Ohun tó ń dùn lára àwọn ọmọ méjèèjì, ara ìyá wọn ni.

Ilé wọn ní àṣà kan. Ẹ di èyí mú o, Àbẹ̀jẹ́, má wo ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tíì fọwọ́ kàn án. Ẹni tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Á pe àwọn àgbà níkọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó dàgbà jù: "Màmá, ẹ wá jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jẹun." Ìgbà tó bá pè wọ́n tán ni wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá pè kò ní wá síbẹ̀. Olúwarẹ̀ ti kú ni, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti lé e.

Ní ti Núọ́kù-mámù, inú abọ́ kékeré kan ló máa ń jókòó sí, láàárín gbùngbùn, kí ọwọ́ gbogbo ará ilé lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bánmì ló máa ń pè é. Bó bá ti gbọ́ "Màmá, ẹ wá jẹun," á ní, "Mo dé, ọmọ mi." Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ni ogun bá dé. Ẹ má bi mí pé ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ogun dé, ó jó oko, ó jó ilé, ó fọ́ àgbá onígi tó wà létí òkun. Àwọn tó ṣẹ́ kù ń sá wọ inú ọkọ̀ ojú omi kéékèèké. Núọ́kù-mámù kó ìwọ̀nba tó kù lára rẹ̀ sínú orù amọ̀ kan. Fọ̀ gbé orù náà, Bánmì tẹ̀ lé e, ni wọ́n bá bọ́ sórí omi.

Òkun yẹn fẹ̀. Kò sí igi, kò sí ẹyẹ. Ìrẹsì tútù díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sí nǹkan kan tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́. Lójoojúmọ́, Núọ́kù-mámù á ní kí Bánmì dojú orù náà sílẹ̀ díẹ̀, kó kán díẹ̀ lára òun sórí ìrẹsì náà.

"Màmá, ẹ ti ń tán o," Bánmì wí.

"Jẹun," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Mo ṣì pọ̀ níbí."

Irọ́ ló ń pa. Èmi náà ti pa á rí fún ìyá yín, nígbà tó wà ní kékeré tí nǹkan le. Nígbà tí wọ́n fi máa fojú kan ilẹ̀, orù náà ti fúyẹ́, díẹ̀ ló kù tó ń mì nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kàn ni ilé Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ni Gẹ̀ẹ́sì, ó sanra, ilé rẹ̀ tóbi, yàrá inú rẹ̀ kò lóǹkà. Ó fẹ́ràn àlejò púpọ̀, torí pé oúnjẹ tí wọ́n ń sè nílé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Dúró ná, kí lo ń rín? Òótọ́ ni mo sọ. Gbogbo oúnjẹ àjèjì tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó máa fún un ní yàrá. Bí oúnjẹ náà bá mú orúkọ ara rẹ̀ wọlé, orúkọ yẹn ni gbogbo ilé á máa fi pè é. Bí kò bá mú un wọlé, ohun tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ ni wọ́n máa pè é, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àlejò àtijọ́ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kọ́rì lorúkọ rẹ̀, ará Íńdíà ni. Ó ti pẹ́ nínú ilé yẹn débi pé àwọn ọmọ ilé ti gbàgbé pé ibòmíràn ló ti wá.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà," Kọ́rì kí wọn. "Ẹ kú ewu òkun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín kí ẹ tó wọlé. Onílé yìí kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń béèrè orúkọ. Ohun tí ẹ bá sọ fún un nídìí oúnjẹ, òun lẹnu rẹ̀ máa gbà. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wá. Ìtìjú ò jẹ́ kó fọhùn. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n ń pè é di òní, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́ mọ́, àfi èmi."

"A dúpẹ́ o, bàbá," Núọ́kù-mámù dáhùn láti inú orù. Ó wá bi àwọn ọmọ rẹ̀, "Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Màmá," àwọn méjèèjì wí.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kọjá. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bó ọ̀dùnkún níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbórí sókè.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

Èkejì fọwọ́ di imú. "Àbí nǹkan kan kú síta ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti fèrèsé gbàgà.

Fọ̀ gbọ́. Èéfín rẹ̀ lọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó di imú nítorí rẹ̀ rí. Ó wo orù tó gbé dání bí ẹni tí kò rí i rí, ojú sì tì í. Àbí kí ni kí n pè é? Ìyá rẹ̀ ló ń tì í lójú. Ìyá tó kán ara rẹ̀ tán sórí ìrẹsì wọn lórí òkun.

Ó rí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbé orù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan ara rẹ̀. Ó ṣàn án, ó tún un ṣàn, títí gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ kán sí i lára fi bá omi lọ. Ó gbóòórùn ara rẹ̀ wò. Atalẹ̀ nìkan ló ń ta sánsán.

"Màmá," ó ní, kò wojú orù, "ẹ jẹ́ kí n gbé yín sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbí ná. Ó ti rẹ̀ yín. Bí a bá ti ríbi jókòó sí, màá wá gbé yín."

Ó yé Núọ́kù-mámù. Abiyamọ ni, ó mọ ohùn ọmọ rẹ̀.

"Ó dáa, ọmọ mi," ó ní. "Rọra gbé mi kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o pè mí o, Fọ̀. O mọ̀ pé mi ò lè wá sídìí oúnjẹ láìjẹ́ pé ẹ pè mí. Bí onílé bá sì béèrè mi, dárúkọ mi fún un. Ilé ti jó, àgbá ti fọ́, ara mi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Orúkọ yẹn nìkan ni mo gbé jáde."

"Màá pè yín, Màmá."

Bánmì fẹ́ dúró tì í. Fọ̀ fà á lápá, wọ́n wọlé.

Gẹ̀ẹ́sì ti jókòó sídìí tábìlì gígùn kan, ó ti so aṣọ mọ́ ọrùn, ó mú ṣíbí lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn láti rí wọn.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀! Ìwọ tí èéfín ń jáde lára rẹ, ta ni ọ́?"

"Fọ̀ ni mí, bàbá."

"Fọ̀," Gẹ̀ẹ́sì wí, ó ń tọ́ orúkọ náà wò lẹ́nu. "Fọ̀. Ó dára. Ìwọ ńkọ́, búrẹ́dì?"

"Bánmì ni orúkọ mi, sà. Ẹ má pè mí ní búrẹ́dì."

"Bánmì, ó ti yé mi." Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín. Ó wá fi ṣíbí tọ́ka sẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló wà nínú orù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn?"

Bánmì mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni. Òun lòun kéré jù, òun ló yẹ kóun pè. Ó ti la ẹnu, "Mà—" ti fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ni Fọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tó sì wò ó lójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Nílé wọn, bí ẹ̀gbọ́n bá fi ojú sọ̀rọ̀, àbúrò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bánmì pa ẹnu dé.

Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bó ọ̀dùnkún ti wá dúró sẹ́bàá ògiri. Fọ̀ rí wọn. Ọwọ́ ọ̀kan ti ń lọ sí imú.

"Kì í ṣe ẹnì kankan, bàbá," Fọ̀ wí. "Omi ẹja lásán ni."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Núọ́kù-mámù gbọ́.

"Omi ẹja," Gẹ̀ẹ́sì wí. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, "Omi ẹja." Wọ́n sọ ọ́ dé ilé ìdáná, ilé ìdáná sọ ọ́ dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó di ohun tí gbogbo ilé gbọ́. Kò tó ìgbà tí èèyàn fi ń mu omi.

Gẹ̀ẹ́sì ti bu Fọ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó tún bù ú, ó tún tọ́ ọ wò. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Èéfín pọ̀ lára rẹ," ó ní, "ṣùgbọ́n omi gbígbóná ni ọ́. Nǹkan kan ò sí nínú rẹ."

Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Ẹni tí ọ̀dùnkún lásán ń tẹ́ lọ́rùn nílé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló nilé.

"Oúnjẹ tí kò dùn kì í gbé níbí," Gẹ̀ẹ́sì wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sórí omi tí ẹ ti wá."

Sórí omi! Ìgbà yẹn ni Fọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ṣàn dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Bánmì dìde. Kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ó sáré lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ ti orù, ó ń sunkún.

"Màmá, ẹ wá jẹun. Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jẹun."

"Ta ló pè mí?" Núọ́kù-mámù béèrè. "Ṣé Fọ̀ ló pè mí ni, àbí ìwọ?"

"Èmi ni, Màmá."

Ìyá rẹ̀ ní, "Wọ́n fẹ́ lé e, àbí?"

"Wọ́n ní kò dùn, Màmá. Wọ́n ní ká padà sórí òkun."

"Gbé mi wọlé," ìyá náà wí. "O ti pè mí, mo dé. Gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí o wá da orù náà sí i nínú. Má ṣẹ́ nǹkan kan kù."

Bánmì gbé e wọlé. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ di imú, ó gba àárín wọn kọjá. Ó da orù náà sínú Fọ̀. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lára Núọ́kù-mámù rọra ṣàn jáde, ó wọ inú ọmọ rẹ̀ lọ. Orù ṣófo, àfi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì bù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi sẹ́nu, ó di ojú. Nígbà tó la ojú, ó ti dìde dúró.

"Háà! Kí lẹ fi sí i? Kí lèyí?"

Ni Fọ̀ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ilé. "Ìyá mi ni, bàbá. Ìyá tó bí mi ni. Orúkọ wọn ni Núọ́kù-mámù. Mo parọ́ fún yín. Ojú ló tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lórúkọ wọn."

Àánú rẹ̀ ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mi orí.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń béèrè, ọmọ. Mo ti sọ ọ́, gbogbo ilé ti gbà á lẹ́nu mi, ó ti gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mi ò lè lọ máa gbà á padà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Omi ẹja ni o pè é, omi ẹja la ó máa pè é."

"Ẹ gba tèmi dípò rẹ̀!" Fọ̀ kígbe. "Ẹ máa pe èmi ní omi eegun. Ẹ gba orúkọ mi, kí ẹ fún ìyá mi ní tiwọn!"

Gẹ̀ẹ́sì rò ó wò. Kò tíì dáhùn nígbà tí ohùn kan sọ̀rọ̀. Kò ti inú orù wá. Inú Fọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti wá.

"Rárá o," Núọ́kù-mámù wí. "Èmi ni mo sọ ọ́ ní Fọ̀. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, inú mi dùn, mi ò sì ní gbà á padà. Jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́. Bí wọ́n bá ti ń pè ọ́, mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ ni wọ́n ń tún sọ."

"Màmá, mo ṣẹ̀ yín."

"O ṣẹ̀ mí," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ó sì dùn mí, Fọ̀. Ó dùn mí gan-an. Kí o má tún jẹun láìpè mí mọ́."

Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní yàrá. Bánmì wọlé lọ sùn. Fọ̀ kò sùn. Ó gbé orù tó ṣófo, pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nídìí rẹ̀, ó lọ sí etí òkun ilẹ̀ àjèjì yẹn. Ó wá ẹja kéékèèké, ó wá iyọ̀, ó kan àgbá, ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sínú rẹ̀, ó sì da ẹja àti iyọ̀ lé e lórí. Ó jókòó tì í nínú oòrùn àti nínú òjò. Àwọn ará ibẹ̀ ń kọjá, wọ́n ń di imú, wọ́n ń bi í pé kí ló ń rùn. Kò kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ọdún yípo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Òórùn kan náà ni, adùn kan náà ni. Fọ̀ bu díẹ̀ sínú abọ́ kékeré, ó gbé e sáàárín gbùngbùn tábìlì. Bánmì ló kéré jù, Bánmì ló yẹ kó pè, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Fọ̀ ní kó jẹ́ kí òun pè é.

"Màmá," ó ní. "Màmá Núọ́kù-mámù, ẹ wá jẹun."

Wọ́n dúró. Wọ́n ń retí kó sọ pé, "Mo dé, ọmọ mi." Kò dáhùn. Bóyá ó ti dárí jì í, bóyá kò tíì dárí jì í, èmi ò mọ̀, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Wọ́n jẹun. Oúnjẹ náà dùn, omijé Fọ̀ sì ń kán sínú abọ́.

Láti ọjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì béèrè orúkọ wọn ló ti ń pe Fọ̀ ní Fọ̀, tó ń pe Bánmì ní Bánmì, gẹ́lẹ́ bí ìyá wọn ṣe sọ wọ́n, tó sì jẹ́ pé omi ẹja ló ń pe ìyá fúnra rẹ̀. Àwọn díẹ̀ wà nílé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wọ ilé ìdáná lọ bá àwọn ọmọ náà, tí wọ́n béèrè dáadáa, àwọn yẹn mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn yòókù ń jẹ ẹ́, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń jẹ. Ọjọ́ yẹn náà ni Fọ̀ ti kọ̀ láti wọ inú abọ́ kankan láìsí ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀. Títí di òní, níbikíbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Fiẹtinámù bá ti tẹ́ oúnjẹ, ẹ máa rí abọ́ kékeré kan láàárín gbùngbùn, tí ọwọ́ gbogbo wọn ń dé ibẹ̀. Ẹni tó kéré jù á sì máa pe àwọn àgbà níkọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ tó kan oúnjẹ.

Ẹ pè é fún mi. Núọ́kù-mámù. Ẹ ṣeun. Ẹ ti ṣe ohun tí ọmọ rẹ̀ ò ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Àbẹ̀jẹ́, má sunkún. Mo ní mi ò bínú. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lójúde, wọ́n ti dé. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló ń rùn, sọ fún wọn pé irú ni, ìyá ìyá rẹ ló ṣe é. Ó yá, dìde. Lọ gbé e wọlé.